Ohun tí Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Sọ

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń wọn ọkà ní Chadron,
àlìkámà, àgbàdo, jéró,
nígbà mìíràn màlúù tó ń bú mọ́ni.
Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án, tí ooru ń palẹ̀ mọ́,
ilé ni wọ́n wọ́ wá fún mi,
ilé funfun onítáyà mẹ́rin,
aṣọ fèrèsé rẹ̀ ń mì bí ọkọ̀ ṣe ń mì.

Verlyn Kostal ló di ìdarí ọkọ̀ mú,
Ardis ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ajá wọn yọrí láàárín bí ọmọ tí a bí sí ogbó.
"Leota, bá wa wọ̀n ọ́n.
Ẹni tó tà á ní ọkọ̀ mi lè fa ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́n-ùn.
Ilé yìí ò ju ẹgbàáta lọ. Kí ló kù?"

Ẹgbàáta.
Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó ṣófo,
kí omi tó dé inú àgbá rẹ̀,
kí Ardis tó kó ìkòkò irin ìyá rẹ̀ wọlé,
àti maṣíìnì ìránṣọ,
àti ìgò èso ápù méjìlélógójì tó fi ṣúgà sè,
àti àga mẹ́rin fún àlejò tí wọn ò tí ì mọ̀.
Ta ní í ra ilé kó má gbé nǹkan sí i?
Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Iná pupa sáré lójú òṣùwọ̀n, ó ṣiyèméjì, ó dúró:
ẹgbàárin, ó dín díẹ̀.
Verlyn rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì ku ẹgbẹ̀rún kan!"

N kò dá a lóhùn. Ìdí ọkọ̀ ni mò ń wò,
bó ṣe lúgọ bí adìẹ tó fẹ́ yé,
tí iná iwájú wá ń wo ọ̀run.
Fífà lọ́tọ̀, rírù lọ́tọ̀.
Ohun tí a ń fà, ilẹ̀ ń bá wa gbé e;
èyí tó fi àgbọ̀n lé wa léjìká, tiwa nìkan ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀,
ọdún mẹ́fà ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá:
èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju egbèje pọ́n-ùn.
A ṣírò ó lẹ́yìn rìsíìtì ọkà.
Ìkọ́ ilé náà tẹ ọkọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan.
Verlyn, igba ó lé mẹ́wàá.
Ardis ní ká kọ àádọ́jọ. Mo kọ àádọ́jọ, n kò wo ojú rẹ̀.
Ajá, ọgọ́ta.
"Ó ti fi ogún lé."
"Màá bọ́ bàtà," ni Verlyn wí.

Ardis ló wá ní, "Fi ohun tó wà lẹ́yìn hàn án."

Lábẹ́ tapólì, owú alágbẹ̀dẹ,
èyí tí bàbá rẹ̀ fi rọ bàtà ẹṣin,
tí òun náà fi rọ ọ́ títí orúnkún fi kọ̀.
Àádọ́jọ pọ́n-ùn irin, ojú rẹ̀ ń dán bí omi tó tòrò.
"Kí lo fẹ́ fi ṣe létí òkun Oregon?"
Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.
"N kò mọ̀. N kò tí ì sùn níbi tí kò sí rí."

A da omi nù sẹ́bàá ọ̀nà.
Ogójì ìgò kù sọ́dọ̀ mi, méjì bá wọn lọ.
Owú náà, èèyàn mẹ́ta la gbé e,
ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ìsinmi mẹ́ta.
Ìdí ọkọ̀ dìde. Verlyn kò bojú wẹ̀yìn.

Káàdì dé ní oṣù Kẹwàá:
"Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Bighorn, a rí ọkọ̀ kan nínú kòtò,
ilé ẹ̀yìn rẹ̀ ló tì í síbẹ̀.
Bá mi fi epo pa á, kó má dógùn-ún."

Mo ń fi epo pa á.
Ní ọjọ́ kan tí ọkà ò wá, mo yí i dé orí òṣùwọ̀n.
Ó kọ ọgọ́jọ.
Mẹ́wàá tó lé, n kò mọ̀ bóyá ti ta ni.